Àlejò Tí Ó Dá Èènì Padà

Mo ti rí ẹni tí ó dá ìyàwó padà fún àna rẹ̀. Mo ti rí ẹni tí ó dá oyè padà fún ọba. Ẹni tí ó dá èènì padà fún ọlọ́jà ni n kò rí rí, àfi ní àárọ̀ ọjọ́ tí òyìnbó kan láti ilẹ̀ Jámánì ṣí àpótí ìrìn-àjò rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà wa ní Fìdítì. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ ọ́, ẹnu ṣì máa ń yà mí bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀.

N kò ní í ṣàlàyé èènì fún ọmọ Yorùbá. O ra ọsàn mẹ́wàá, ìyá ọlọ́sàn á fi ẹyọ kan lé e. O ra gàrí kóńgò kan, á fi ọwọ́ bu díẹ̀ sí i lórí. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wàá dúró, wàá máa wò ó, wàá ní, "Ìyá, èènì mi dà?" Ẹ̀bá títì Fìdítì ni ìyá tí ó bí mi ti ń ta èso láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè bá ènìyàn ná ọsàn títí ojú àwọn méjèèjì á fi pọ́n, kí ó sì wá fi ọsàn méjì lé e lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fẹnu kò. Ohun tí ó fi ẹnu jà fún, á tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ọ. Bí mo ṣe mọ ọjà sí nìyẹn, n kò sì rò pé ó ní bí ó tún ṣe lè rí níbòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó jogún àtẹ náà. Ìlọrà ni ilé ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Fìdítì ni ó ti ń tajà, ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní pàtàkì. Bí àsìkò ọ̀pẹ̀ òyìnbó bá dé, ńṣe ni ó máa ń jẹrà mọ́ àwọn ọlọ́jà lọ́wọ́. Ewúrẹ́ pàápàá á jẹ ẹ́ títí á fi yíjú kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó kó àwọn obìnrin mẹ́rìndínlógún jọ, àwọn ará Fìdítì, àwọn ará Ìlọrà, àti méjì láti Ìwàrè, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Wọ́n ń gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní pẹlẹbẹ, wọ́n ń mú un gbẹ nínú ẹ̀rọ onígáàsì, wọ́n ń dì í sínú náílọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi kò kàwé kọjá píràmárì mẹ́ta. Òun ni olórí, òun ni ó sì ń dúró nídìí síkéèlì, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n lè gbé ìwọ̀n lé lọ́wọ́ tí ọkàn gbogbo wọn á balẹ̀. Èmi àbúrò rẹ̀, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé àti ògbufọ̀. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́, orí mi wú. "Tíṣà" ni gbogbo wọn ń pè mí, mo sì máa ń tún awò ojú mi ṣe kí n tó dá wọn lóhùn.

Àwọn olùkọ́ yunifásítì kan ní Ìbàdàn ni ó júwe wa fún òyìnbó náà. Ó ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ó ń ta èso gbígbẹ ní ìlú rẹ̀, ó sì fẹ́ máa rà á lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe é gan-an, kì í ṣe lọ́wọ́ alágbàtà. Orí fóònù ni a ti kọ́kọ́ pàdé, Wásáàpù tí a ti ń rí ojú ara wa. A so fóònù mi mọ́ òpó àtíbàbà. Ìyá Aláàdúrà kan fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, Àlàájà kan sì ṣe tirẹ̀ tẹ̀lé e, nítorí a kì í ṣe ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a wá kí òyìnbó. A bèèrè ìyàwó rẹ̀, a bèèrè àwọn ọmọ, a bèèrè òtútù, a bèèrè bóyá àwọn òbí rẹ̀ ṣì wà láyé. Òyìnbó ń dáhùn pé, "Dáadáa ni," "Dáadáa ni," ojú rẹ̀ ń lọ sí ara aago. Bí a ṣe dákẹ́ báyìí, ó ní, "Kókó kìíní: omi tí ó ṣẹ́ kù nínú èso."

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìgúnpá tọ́ mi. "Ta ló bí i nínú?"

"Kò sẹ́ni tó bí i nínú," ni mo wí, mo wá gbé ohùn sókè fún gbogbo wọn. "Ó ní ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ní inú òun dùn láti rí yín, pé Olúwa á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ó ní, omi inú èso ńkọ́?"

"Àmín!" ni gbogbo àtíbàbà dáhùn. Mo rí ojú òyìnbó nínú fóònù, ó ń wá ohun tí òun sọ nípa omi inú èso tí ó tó àmín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń ṣe é padà sí i. Bí ó bá bèèrè bóyá iṣẹ́ á parí lọ́jọ́ báyìí, tí wọ́n ní, "Bí Ọlọ́run bá fẹ́, bí gáàsì ò bá wọ́n, bí ara bá le," èmi á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Mo gbà pé iṣẹ́ ògbufọ̀ nìyẹn, kí n fi òróró pa ọ̀rọ̀ kí ó má bàa há ẹnikẹ́ni lọ́fun. Kò sì sí ẹni tí ó há lọ́fun. Àwọn obìnrin ń sọ pé òyìnbó yìí gbẹ̀kọ́, òyìnbó ń kọ̀wé pé wọn kò ṣe iyèméjì rárá, èmi sì jókòó láàárín, inú mi ń dùn.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìwé òfin ránṣẹ́, ojú ìwé mọ́kànlá. Kí wọn gé èékánná. Kí wọn má wọ òrùka dé ìdí iṣẹ́. Kí wọn máa kọ wákàtí tí wọ́n tan ẹ̀rọ àti èyí tí wọ́n pa á. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó sórí àga, mo ń kà á, mo ń túmọ̀ rẹ̀, oorun ti ń kun àwọn kan nínú wọn. Mo dé ibi ìwọ̀n. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé gíráàmù ọgọ́rùn-ún ni kí náílọ̀n kọ̀ọ̀kan jẹ́. Kò gbọ́dọ̀ dín, kò sì gbọ́dọ̀ lé. Mo pariwo kí oorun lè dá lójú wọn, mo ní, "Kò gbọ́dọ̀ dín o!" Gbogbo wọn ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Mo wo ìyókù. Kò gbọ́dọ̀ lé. Ẹ̀rín pa mí nínú. Ta ni ó ti gbọ́ ọ rí pé wọ́n fa ọlọ́jà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí pé ó fi kún ọjà? Mo gbà pé ọ̀rọ̀ àsọtúnsọ ni, pé òyìnbó kàn fẹ́ kí ìwé gùn. Mo ṣí ojú ìwé tí ó tẹ̀lé e.

Ogójì páálí ni a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń wọ̀n ọ́n. Ó fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, ó fi fìlà náílọ̀n bo irun, ó tẹjú mọ́ síkéèlì bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Bí ó bá ti pé ọgọ́rùn-ún gẹ́lẹ́, á gbé e kúrò lórí síkéèlì, á nawọ́ sínú abọ́, á mú ègé bíi méjì, á jù ú sí i, á sì tì í sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń fi ẹ̀rọ lẹ ẹnu náílọ̀n. Ètè rẹ̀ ń mì. Mo bi í pé kí ni ó ń sọ.

"Mò ń sọ fún oníbàárà ọ̀nà jíjìn pé kó tún padà wá," ó ní.

Mo rí i, mo rẹ́rìn-ín, mo sì lọ jókòó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ímeèlì dé láti Jámánì. Ìlà mẹ́ta péré ni. Ọjà ti dé. Ìṣòro wà nínú ìwọ̀n. Mò ń bọ̀. Mo rò pé ó dín ni, pé èso tún gbẹ sí i lójú ọ̀nà, pé bí ó bá dé a ó jókòó, a ó yanjú rẹ̀. Mo sọ fún àwọn obìnrin pé òyìnbó ń bọ̀ wá kí wọn. Ìlà kejì, n kò sọ ọ́. Ni wọ́n bá gbálẹ̀, wọ́n bá wẹ tábìlì, wọ́n pa adìẹ méjì, wọ́n gún iyán, Àlàájà sì lọ yá àga onírọ̀rí kan ní ilé àbúrò rẹ̀.

Ọkọ̀ tí ó gbé e láti Ìbàdàn dúró ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ọkùnrin gíga ni, irun rẹ̀ ti ń funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ó sì ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. "Ẹ káàárọ̀," ó wí, ní Yorùbá! Inú ọkọ̀ òfurufú ni ó ti kọ́ ọ. Àtíbàbà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀ kí i, ara rẹ̀ kò gbà á pé kí àwọn ìyá tó jù ú lọ máa kúnlẹ̀ fún òun, ó fẹ́ fà wọ́n dìde, kò ṣeé ṣe, ni òun náà bá kúnlẹ̀. Gbogbo wọn wà ní orí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bí ó bá ṣe pé ibẹ̀ ni ọjọ́ yẹn parí sí, ó tó.

Wọ́n ní kó wá jẹun. Ó ní òun kò lè jẹun láìtíì sọ ohun tí ó gbé òun wá. Mo sọ pé ó ní òun ń bọ̀ wá jẹ ẹ́ láìpẹ́. Ó gbé àpótí rẹ̀ sórí tábìlì, ó ṣí i. Kò sí aṣọ níbẹ̀. Àpò bébà aláwọ̀ ilẹ̀ ni ó kún inú rẹ̀, a fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lára, láti orí ọ̀kan dé orí ogójì. Ó tò wọ́n ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kò yára. Ó wá ní kí n sọ fún wọn.

Àwọn aṣọ́bodè ilẹ̀ rẹ̀ wọn ọjà wa. Ohun tí ó wà nínú páálí ju ohun tí a kọ sínú ìwé lọ. Wọ́n ní bí a bá lè fi èyí pamọ́ síbẹ̀, kí ni a tún fi pamọ́? Wọ́n ti ọjà mọ́lé. Nígbà tí wọ́n wá tú u sílẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó, wọ́n ṣí náílọ̀n náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún méjì, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n yọ ohun tí ó lé, wọ́n sì tún ẹnu rẹ̀ lẹ̀. Ohun tí ó lé ni ó wà nínú àwọn àpò wọ̀nyí, a sì kọ nọ́ńbà páálí tí ó ti jáde sí i lára. Òun kò rà á. Kì í ṣe tòun. Òun gbé e wá fún ẹni tí ó ni ín.

Àfi bíi pé ẹnìkan da omi tútù sí mi lára. Ọkùnrin yìí kó aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ kí àyè lè gba ọ̀pẹ̀ òyìnbó wa. Ó wọ ọkọ̀ òfurufú méjì, ó gba àárín Èkó, ó gba Ìbàdàn, ó sì dé Fìdítì, nítorí ègé èso tí ọmọ ilé-ìwé á jẹ tán kí agogo tó lù. Kò sí ẹni tí ìbá mọ̀ bí ó bá jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tí ìbá bi í. Mo ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọn jẹ́ olóòótọ́, mo sì rò pé mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọjọ́ náà ni mo tó rí òótọ́ tí ó ga tó báyìí, tí kò ní ẹ̀rín lẹ́nu, tí ó ń to àpò bébà. Ó bà mí lẹ́rù, kí n má purọ́. N kò tilẹ̀ rántí fi òróró pa ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni mo ṣe ń túmọ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni àwọn obìnrin rí. "Ó dá èènì padà?" ni Àlàájà wí. Ìwọ tí o dá èènì padà, o ń sọ pé o kò fẹ́ kí ìwọ àti ọlọ́jà jọ ní nǹkan kan papọ̀ mọ́. O ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Ọ̀tá lásán kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀tá á kàn gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ rajà ni.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó bọ́ fìlà náílọ̀n tí ó ti dé kí òyìnbó lè rí i pé àwọn ń pa òfin mọ́. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó kó gbogbo rẹ̀ lé orí síkéèlì. "Ẹ kú ìrìn o, sà," ó wí fún òyìnbó, ó tẹ orúnkún díẹ̀ bó ṣe yẹ kó tẹ̀ ẹ́, ó wá lọ gun ọ̀kadà ní etí títì, ó di Ìlọrà. Àwọn yòókù ń tẹ̀lé e ní méjì-méjì. Iyán ṣì wà nínú ìkòkò, a dé e.

"Kí ni mo ṣe?" ni òyìnbó bi mí.

Mo ṣàlàyé èènì fún un. Mo ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí ó dùn mọ́ mi láti máa ṣàlàyé. Ó gbọ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ó wà nínú òfin pé kò gbọ́dọ̀ lé. Ṣé o kà á fún wọn?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Tíṣà láti òwúrọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ kì í fẹ́ kí wọn mọ̀ pé òun fo ojú ìlà kan. Òyìnbó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìyá tó wà nídìí síkéèlì yìí gbọ́ òfin, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe òmíràn. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n òun kò lè fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sídìí ìwọ̀n. Òun á lọ bá a nílé lọ́la, òun á sọ ọ́ fún un lójúkojú, nítorí wọn kì í gba ẹ̀yìn ènìyàn sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn. Lẹ́yìn náà kí ẹgbẹ́ yan ẹlòmíràn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá rí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi á kúrò nídìí iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ á sì di orúkọ ẹni tí ó mọ òfin tí ó rú u, nítorí "bẹ́ẹ̀ ni" kan tí ó jáde lẹ́nu mi. Síbẹ̀ mo ṣì ń sọ fún ara mi pé bí a bá dé Ìlọrà, màá rí nǹkan sọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a dé Ìlọrà. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Inú ń bí i, ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó gbé àga fún àlejò, ó bu omi tútù fún un. Òyìnbó mu omi náà tán pátá, ìyẹn sì dára. Àpò bébà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí òun tó sọ ohun tí ó gbé òun wá, òun fẹ́ bèèrè nǹkan kan. Ó ṣí ìwé pélébé rẹ̀, ó fi ìlà àwọn nọ́ńbà kan hàn mí. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi jù sínú náílọ̀n kọ̀ọ̀kan ni. Nínú ẹgbẹ̀rún méjì, kò sí èyí tí ó fi ju gíráàmù kan tàbí méjì yàtọ̀ sí èkejì.

"Síkéèlì kò sí fún èyí," ó ní. "Ọwọ́ nìkan ni. N kò rí irú rẹ̀ rí. Ṣé mo lè rí ọwọ́ náà?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bóyá mò ń bá òun ṣeré. Lẹ́yìn náà ó gbọn eruku ẹ̀wà dànù, ó na ọwọ́ ọ̀tún. Òyìnbó kò fọwọ́ kàn án. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ yẹn, ọwọ́ dúdú tí ẹ̀gún ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti ya káàkiri, bí ẹni tí ń wo ohun tí ó tìtorí rẹ̀ wá. Èmi náà ń wò ó. Ọwọ́ yẹn ti bọ́ mi rí, ó ti gbá mi létí rí, n kò sì wò ó rí.

"Kí ló dé tí ẹ fi kún un?" ni òyìnbó bèèrè.

"Sọ fún un pé èyí tí mo wọ̀n, tirẹ̀ ni, ó ti rà á," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Èyí tí mo fi lé e, tèmi ni. Ẹni tí mo bá ta ohun tó pé gẹ́lẹ́ fún, kí ló kù láàárín wa? Kó máa lọ náà ni."

Òyìnbó rọra ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀nba kí n lè rí i túmọ̀. Ó ní níbi tí ọjà yìí ń lọ, ẹni tí ó ń rà á kò rí yín. Kò gbọ́ bí ẹ ṣe ń kí ènìyàn, kò mọ ibi tí Fìdítì wà. Nọ́ńbà ara náílọ̀n nìkan ni ó mọ̀ nípa yín. Bí nọ́ńbà yẹn bá bá ohun inú rẹ̀ mu, ó ti mọ̀ pé olóòótọ́ ni yín. Bí kò bá bá a mu, ìbáà dín, ìbáà lé, kò tún ní ọ̀nà mìíràn tí yóò fi mọ̀ yín. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rò pé ẹni tí ó ní irú ọwọ́ yìí ń purọ́.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo títì. Ọ̀kadà kan kọjá, ó gbé àpò ẹ̀lúbọ́, ẹ̀gbọ́n mi fojú tẹ̀lé e títí ó fi rá.

"Nọ́ńbà yẹn ló wá di ojú mi lọ́hùn-ún," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni òyìnbó wí.

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ gba àpò bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú u, ó mú ègé kan fún òyìnbó, ó mú ọ̀kan sẹ́nu ara rẹ̀. Wọ́n jọ ń jẹ ẹ́. N kò lè sọ bí ó ṣe rí lára mi láti jókòó ti àwọn méjì yìí. Ọ̀kan kò lè gba ohun tí kò sí nínú ìwé, èkejì kò lè ta ohun tí kò fi nǹkan lé, wọ́n sì ń jẹun nínú àpò kan náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìlọrà. Bí ẹni pé mo wọ ibi tí ó yẹ kí n bọ́ bàtà ni.

"Bí mo bá ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "n kò ní fi ẹyọ kan kún un. Bi í. Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

Mo bi í. Òyìnbó gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó wò mí, ó tún wò ó. "A sọ fún yín," ó ní. "Ó wà nínú ìwé òfin. Ọ̀gbẹ́ni yìí ní òun kà á fún yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́dọ̀ gba síkéèlì lọ́wọ́ yín, ó sì dùn mí púpọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Kí ló wí?"

Kò sí ẹlòmíràn ní ilé yẹn tí ó gbọ́ èdè méjèèjì. Ohun tí mo bá sọ ni yóò di òótọ́. Mo lè ní, "Ó ní ẹ má bínú, ó gbàgbé ni." Gbólóhùn kan ni, kí gbogbo rẹ̀ tán síbẹ̀, kí n sì wá ọgbọ́n òmíràn dá fún òyìnbó nínú ọkọ̀. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, mo sì ń pè é ní iṣẹ́. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ẹnu mi, wọn kò fura rárá, wọ́n dúró kí n fún wọn ní ọ̀rọ̀ ara wọn. Ẹ̀rù tí ó bà mí nígbà náà, n kò mọ irú rẹ̀ rí.

Mo bọ́ awò ojú mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, èmi tí orúnkún kì í jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ mú bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí," ni mo wí. "Ó ní wọ́n ti sọ fún yín, pé ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì rú u, nítorí náà ẹ ò ní dúró nídìí síkéèlì mọ́. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ó wà nínú ìwé pé kò gbọ́dọ̀ lé, ó pa mí lẹ́rìn-ín, mo fò ó. Lánàá ó bi mí, mo ní mo kà á."

Mo dìde, mo di ògiri mú, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún òyìnbó ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo rò pé á bínú. Ó dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. "O ṣeun," ó ní. "Mo ti mọ ibi tí ó ti bàjẹ́ báyìí." Ó kọ ìlà kan sínú ìwé pélébé rẹ̀, ó pa á dé, ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó tẹ orí ba, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí èrò tí òun rò sí i. Ó tán. Níhìn-ín, a ó ti pe mọ̀lẹ́bí, a ó ti fi ọjọ́ mẹ́ta bẹ ara wa, a ó ti hú ohun tí mo ṣe ní kékeré jáde. Ọ̀dọ̀ òyìnbó, ọ̀rọ̀ mi ti parí kí ègé ẹnu rẹ̀ tó tán.

Ẹ̀gbọ́n mi kò wò mí. Òyìnbó ni ó ń wò.

"Sọ fún un," ó ní, "pé màá wà nídìí síkéèlì lọ́la. Kò ní í dín, kò sì ní í lé."

Mo sọ ọ́. Ojú òyìnbó túká.

"Sọ fún un pé kó wá ẹlòmíràn tí yóò máa túmọ̀ fún wa."

Mo gbé awò ojú mi padà sójú, mo sọ ọ́. Òyìnbó mi orí. Ó ní kí n bi í pé kí ló dé. Ó ní gbogbo ènìyàn ló ń ṣe àṣìṣe, pé mo ti jẹ́wọ́, pé òun kò bá mi jà mọ́. Mo túmọ̀ ìyẹn náà fún un, mo sì ń retí pé àánú mi á ṣe é.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi tó wá wò mí. Omi wà lójú rẹ̀.

"Sọ fún un pé ọmọ ìyá mi ni ọ́," ó ní. "Ohunkóhun tí o bá sọ fún mi, màá gbà á gbọ́, kódà bó jẹ́ irọ́."

Mo yíjú sí òyìnbó, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.